Olùṣọ́ Ilé Ọwọ́

Ẹ̀gbà náà gbọ̀n mọ́ Fẹ̀yìntọlá lọ́wọ́ nígbà tó ku ọmọ méjì kí ó kan Ìmísí, ọmọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò níwájú, lórí ìlà, tó ti wẹ̀, tó ti para, tó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró bí lékeléke nítorí pé ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹ̀gbà náà tún gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sinmi, ó tún gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Fẹ̀yìntọlá bojú wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́tà pupa ti jáde lójú irin náà: OMI Ń BỌ̀. Ẹ GUN ÒKÌTÌ.

Ká má parọ́, kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á. Inú ló bí i.

Nínú gbogbo èrò tó kún Ilé Ọwọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun nìkan ni ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti àwọn yòókù wà nínú àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń tan iná wínníwínní bí ojú ológbò. Ọjọ́ Ọwọ́ nìkan ni òfin Abẹ́-Odi gba adití láàyè láti bọ́ ẹ̀gbà sílẹ̀, ìyẹn náà bí ẹnì kan bá gbà láti wọ tirẹ̀ nítorí gbogbo ilé. Olùṣọ́ ni wọ́n ń pe ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni Olùṣọ́ ń dúró sí, nídìí bọ́tìnnì iná. Kì í bá wọn dápàárá, kì í bá wọn ṣòfófó, nítorí ẹ̀gbà ń wo ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́, ohun gbogbo tó bá sì rí, Ọ́fíìsì Odi ti rí i nìyẹn. Oyè tí ẹnikẹ́ni kì í du ni. Lọ́dún yìí, wọ́n gbé e fún Fẹ̀yìntọlá, ó sì gbà á, nítorí pé ọmọ rẹ̀ máa gba orúkọ, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìyá ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan fún ẹgbẹ́ rí.

Láàárín ilé náà, Baba Ọláìtán jókòó lórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ojú ọmọdékùnrin kan bí ẹni tó ń wo ìbẹ́pẹ bóyá ó ti pọ́n. Baba kò ríran mọ́. Awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, àyà rẹ̀ sì ti ń há, débi pé kò sẹ́ni tó rò pé yóò bá wọn ṣe Ọjọ́ Ọwọ́ mìíràn. Síbẹ̀, òun nìkan ló ń fúnni ní orúkọ ọwọ́. Orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọmọ, ti etí nìyẹn. Èyí ni ti ojú. Baba á fọwọ́ pa ojú ọmọ náà, á wá ohun tó wà níbẹ̀, ẹ̀rín ni o, àpá ni o, ẹkún àárọ̀ ni o, á ronú, lẹ́yìn náà á gbé ọwọ́ sókè, á ṣe àmì kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Gbogbo èrò á ṣe é tẹ̀ lé e, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ lu pákó ilẹ̀ kí Baba lè mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ti gbà á. Ó parí. Orúkọ náà kò ṣeé kọ̀, kò ṣeé pààrọ̀, títí tí wọ́n á fi gbé olúwa rẹ̀ sin. Àwọn àgbà tó sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà lè máa rò pé gbogbo ayé làwọn ń bá wí. Àwọn adití Abẹ́-Odi mọ̀ pé àwọn ni.

Ìyá Múlíkátù, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́, ti rí ojú Fẹ̀yìntọlá láti òdìkejì ilé. Ó rìn wá, ìbòrí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fẹ̀yìntọlá fi ọwọ́ ẹlẹ́gbà pamọ́ sẹ́yìn, ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń ṣe kí ó tó bá àgbà sọ̀rọ̀, ó wá ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ bí olè.

"Ìyá, ó ti gbọ̀n."

"Kí ló wí?"

"Ó ní omi ń bọ̀. Ó ní ká gun Òkìtì."

Ìyá Múlíkátù fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Omi! Omi wo ló mọ Ọjọ́ Ọwọ́ ju gbogbo ọjọ́ lọ báyìí? Ní ìdúnta omi ń bọ̀, a sáré, bàtà mi kan bọ́ sọnù, mi ò rí i títí dòní. Ní èṣí omi ń bọ̀, a tún sáré, ìrì lásán ò sẹ̀. Ti ọdún yìí náà ti dé nìyẹn?"

"Tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́, Ìyá?"

"Fẹ̀yìntọlá, inú ilé yìí la ti pinnu, ìwọ náà sì wà níbẹ̀. Olùṣọ́ ò ní fọwọ́ kan iná láìjẹ́ pé ó fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan. Ojú rẹ ni mo wí o, kì í ṣe irin. Jáde lọ wò ó. Bí o bá rí omi, kí o pa iná. Bí o ò bá rí i, kí o padà wá wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ rẹ lórúkọ."

Ó yíjú padà. Fẹ̀yìntọlá sì jáde.

Oòrùn gbá a lójú. Ní Abẹ́-Odi, kò sí ilé tó ń ṣí fèrèsé lọ́sàn-án mọ́ láti ìgbà tí oòrùn ti ń bó èèyàn lára, ìgboro sì dá wáí. Ní ìparí òpópónà, Odi dúró gbàgìdì, ó ga ju ilé èyíkéyìí lọ, òkun sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá tẹjú mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Gbígbẹ ni. Kò sí ibi tó ń jò, kò sí ibi tó yọ gọngọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ orí Odi jókòó sábẹ́ agboòrùn wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ti na ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn.

Sùnmọ́nù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì ọ̀nà rí i, ó sì ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Elétí ni Sùnmọ́nù, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ èdè ọwọ́ díẹ̀ nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ó ń fọwọ́ sọ, ó ń fẹnu sọ, ẹ̀gbà sì ń kọ ti ẹnu.

"Ìyá Ìmísí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́jọ́ lónìí! Kí lẹ ń wò?"

"Ṣé fèrè dún?"

"Fèrè Odi? Rárá o. Àbí wọ́n tún ti ń yọ yín lẹ́nu?"

"Wọ́n ní omi ń bọ̀."

Sùnmọ́nù wo Odi, ó wo àwọn ẹ̀ṣọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Omi tó máa ń bọ̀ wá bá adití nìkan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí ayẹyẹ yín. Bí omi bá ń bọ̀, fèrè á dún, àwa la sì máa kọ́kọ́ sá."

Ó sọ ọ́ tán kí ó tó ronú. Fẹ̀yìntọlá rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, tó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìsí ìdí.

Lọ́jọ́ tí Odi àtijọ́ wó, fèrè dún lóòótọ́. Gbogbo òpópónà ló sá, Sùnmọ́nù wà lára wọn. Ìyá Fẹ̀yìntọlá ń sùn. Kò sẹ́ni tó rántí ìyá adití inú ilé kejì, ẹni tó tilẹ̀ rántí rò pé ẹlòmíràn ti lọ jí i. Nígbà tí omi fà, wọ́n bá a lórí ibùsùn rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá ń sọ pé omi kò lọ́tàá kò tíì gbé ní Abẹ́-Odi. Lẹ́yìn ìsìnkú náà, àwọn adití gbé àwòrán òkú wọn, wọ́n lọ dúró níwájú Ọ́fíìsì Odi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, Fẹ̀yìntọlá sì wà láàárín wọn. Ohun tí yóò máa jí wọn lójú oorun ni wọ́n tọrọ. Ọ́fíìsì fún wọn ní ẹ̀gbà lóòótọ́. Ó ń jíni, ó sì tún ń ṣọ́ni.

Èyí ló wà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe dúró nínú oòrùn. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Fèrè lè bàjẹ́. Ẹ̀ṣọ́ lè sùn. Ẹ̀gbà tún gbọ̀n, ó ní: ÀKÓKÒ Ń LỌ.

Ó sọ fún Sùnmọ́nù pé kí ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ gun Òkìtì. Sùnmọ́nù ní òun gbọ́, òun á kàn de táyà yìí tán ná.

Nígbà tí ó padà wọlé, ọmọ kan ṣoṣo ló kù níwájú Ìmísí, ó sì ti wà lọ́wọ́ Baba. Ìmísí rí ìyá rẹ̀, ó ju ọwọ́ sókè. "Màmá! Èmi ló kàn! Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má lọ mọ́!"

Ìyá Múlíkátù gbé ìpéǹpéjú sókè láti òkèèrè. O rí i?

Fẹ̀yìntọlá mi orí. Òun kò rí nǹkan kan.

Alága náà mí kanlẹ̀, ó yíjú sí Baba. Ọ̀rọ̀ ti parí lójú tirẹ̀. Gbogbo ohun tí Fẹ̀yìntọlá ní láti ṣe kò ju pé kí ó dúró jẹ́ẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ lè dúró jẹ́ẹ́, kí ó jẹ́ kí Baba fọwọ́ kan ojú ọmọ rẹ̀ ná. Orúkọ kan kì í pẹ́ ju kí èèyàn ṣí ẹ̀kọ kan jẹ lọ. Lẹ́yìn náà, ó lè pa iná. Ta ni yóò bi í léèrè? Ó wo àwọn ọmọdé tó kún ilẹ̀ pákó, àwọn tó ti gborúkọ tó ń fi í han ara wọn, ó wo àwọn ìyá tó gbé ìkókó pọ̀n. Ó rí i pé bí òun bá dúró kí ti ọmọ tòun parí, ohun tí àwọn ará òpópónà ṣe sí ìyá òun gan-an lòun ń ṣe yẹn: kí n kọ́kọ́ kó tèmi ná. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó sunkún kí ó tó nawọ́, ẹkún gidi, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Ilé ṣókùnkùn biribiri. Ní Ilé Ọwọ́, ẹnikẹ́ni kì í fi iná ṣeré, ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án á jẹgba. Bí iná bá ti kú, ọ̀rọ̀ ti tán lọ́wọ́ gbogbo èèyàn nìyẹn, ohun tó kù kò ju kí oníkálùkù di ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ mú. Ó tan án padà. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

"Òkìtì! Ẹ sáré!"

Ọwọ́ méjèèjì ló fi sọ ọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbà sì ń fi ohùn pariwo rẹ̀ nínú ilé tí kò sẹ́ni tó lè gbọ́.

Baba Ọláìtán kò mọ̀ pé iná kú. Ó parí ti ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé orúkọ náà sókè, àmì tó rẹwà kan bí ìgbà tí ẹyẹ ń bà, ó sì dúró kí wọ́n fi ẹsẹ̀ lulẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mọ eré sísá lára pákó, ó sì rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ abẹ́ ọwọ́ Baba kí ó lè kà á.

"Baba, wọ́n ní omi ń bọ̀."

"O rí i?"

"Rárá, Baba."

Baba fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Àwọn géńdé gbé e tàga-tàga, wọ́n jáde.

Wọ́n dúró lórí Òkìtì títí oòrùn fi rọ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n rí òkun lẹ́yìn Odi, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán. Wọ́n rí Sùnmọ́nù ní ìsàlẹ̀ tó gun kẹ̀kẹ́ tó tún ṣe, ó ń dán an wò lọ, ó ń dán an wò bọ̀. Fẹ̀yìntọlá ti ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ kí omi tilẹ̀ dé, kódà kí ó kàn yọjú díẹ̀. Nígbà tó mọ ohun tí òun ń gbàdúrà fún, ojú tì í.

Ọkọ̀ Ọ́fíìsì Odi fi ẹsẹ̀ irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gun Òkìtì wá bí alákàn. Ọ̀gbẹ́ni Kúforíjì sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Àpótí ẹ̀gbà wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń mú ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dè é padà, wọn ò fi ti Baba sílẹ̀. Ìgbà tí gbogbo ọwọ́ ti ní irin ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè kà á.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ìdánwò ni. Ẹ má bínú, bí a bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò jẹ́ ìdánwò mọ́. Ní ìdúnta ẹ pẹ́, ní èṣí ẹ tún pẹ́. Lónìí, ẹ yára ju àwa elétí lọ! Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin yìí." Ó gbá ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá mú, ó ń mì í. "Ó ti fi hàn wá pé iná kan ṣoṣo tó láti kó gbogbo yín jáde. Nítorí náà, láti ọdún tó ń bọ̀, a ò ní fi ìṣọ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. A ó so iná Ilé Ọwọ́ mọ́ Ọ́fíìsì. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, àwa fúnra wa la ó máa pa á."

Ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń gbọ̀n wọ́n lójú afẹ́fẹ́ bí adití ṣe ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ló kọ́ ọ.

"Ọ̀gá," ni Fẹ̀yìntọlá wí, "ṣé ẹ mọ̀ pé à ń sọ ọmọ lórúkọ lọ́wọ́ ni?"

"Orúkọ kẹ̀? Gbogbo wọn ló ti ní orúkọ lọ́dọ̀ wa, Màdáámú."

Fẹ̀yìntọlá yíjú sí Ìyá Múlíkátù pé kí ó bá òun sọ nǹkan. Ìyá Múlíkátù wò ó, ó sì pa ojú rẹ̀ méjèèjì dé. Láàárín àwọn tó ń fi ojú gbọ́, kò sí èébú tó ju ìyẹn lọ. Ó dun Fẹ̀yìntọlá wọ egungun. Ìbá sàn kí ó gbá a létí.

Baba Ọláìtán ló fi ọ̀pá gún ẹsẹ̀ àga rẹ̀. "Ọmọ tó kàn dà?"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí orúkọ tí wọ́n fún ẹnikẹ́ni rí lójú ẹ̀gbà. Ṣùgbọ́n Ìmísí ti bọ́ síwájú kí ẹnikẹ́ni tó dì í mú, ó ti gbé ojú rẹ̀ sókè fún Baba. Fẹ̀yìntọlá sáré kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ Baba mú.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́. Irin wà lọ́wọ́ yín. Wọ́n á rí i."

"Mo mọ̀. Ó ń yún mi lára. Ṣé ọdún mìíràn wà níwájú mi ni?"

"Baba, ẹ dákun, kì í ṣe lónìí."

"Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, Fẹ̀yìntọlá. Mo ti wo ilé."

Ó fọwọ́ pa iwájú orí ọmọ náà tó ti dọ̀tí, ó tọ ipa omijé àti iyanrìn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè orí, ó la ìka rẹ̀ márààrún bí ìgbà tí iná ń ràn, ó sì kó wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e wá sí àyà.

Kò sí ẹni tí kò yé. Ìyá Múlíkátù ti lajú. Òun ló kọ́kọ́ ṣe é, lẹ́yìn náà gbogbo wọn, ọwọ́ ń ràn, ọwọ́ ń kú, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ lu iyanrìn Òkìtì. Ẹ̀gbà gbọ̀n lọ́wọ́ olúkúlùkù: INÁ KÚ. Ọ̀gbẹ́ni Kúforíjì kà á lójú tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn á fi kún àkọsílẹ̀.

Orúkọ ń roni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Baba nawọ́ wá Fẹ̀yìntọlá títí tó fi kan ọwọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, níbi tí irin kò ti lè rí i: "N ò bú ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo sọ."

Inú Ìmísí dùn débi pé kò mọ ibi tó ń tẹ̀. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó ń la ọwọ́ lókè orí, ó ń pa á dé, olúkúlùkù sì ń dá a padà fún un pẹ̀lú ojú tí kò kúrò lára ìyá rẹ̀. Nígbà tó kárí wọn tán, ó sáré wá dúró níwájú Fẹ̀yìntọlá, ó ń mí hẹlẹ, ó ń retí kí ìyá rẹ̀ pe òun fún ìgbà àkọ́kọ́. Fẹ̀yìntọlá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó la ìka márààrún, ó sì pa wọ́n dé sí àyà.

"Màmá," ni ọmọ náà wí, "ẹ tún un pè."